Àárín Pẹ́ńsù

"Ta nìyí, ẹ̀gbọ́n mi?"

Àbúrò ló béèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, báàgì ṣì wà ní èjìká rẹ̀, ó na ọrùn wo bébà tó wà lórí tábìlì.

"O ò mọ̀ ọ́n ni? Ìyá wa ni."

"Ìyá wa kẹ̀?" Ó sún mọ́ ọn. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Ẹ má bínú o. Imú ìyá wa ni. Gèlè ìyá wa ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí jọ ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé tó ń dúró de ẹni tó pẹ́ dé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ayàwòrán fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Kí àbúrò rẹ̀ tó wọlé lòun náà ti rí i. Ó gbé bébà náà, ó fi kún àwọn yòókù tó ti kó sábẹ́ tábìlì. Gbogbo wọn ló ní imú, wọ́n ní gèlè, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ìyá nínú wọn.

Iṣẹ́ ojú ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló ti ń yà á láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn tọkọtaya ń wá, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń wá, ìyá ọmọ tuntun ń wá, kò sì tíì sẹ́ni tó gba àwòrán tirẹ̀ tó ní kì í ṣe òun. Ìyá tirẹ̀ gan-an ló wá fẹ́ dójú tì í.

Òjò ló fa gbogbo rẹ̀. Òrùlé ilé bàbá wọn ti gbó, omi sì gba àjà wọlé, ó ṣàn lọ sẹ́yìn férémù tó wà lára ògiri. Fọ́tò ìyá wọn tó ti di olóògbé ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tó yà láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé e kúrò lára ìṣó, ojú ìyá ti di àbàwọ́n funfun bí ìgbà tí ìkùukùu bo òṣùpá. Ṣáájú òjò yẹn, bàbá ti gbà pé òun á lọ gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí òun ọkùnrin, ẹni tó ti tún yàrá kan ṣe dè é. Lẹ́yìn òjò, bàbá yí ohùn padà.

"Ibi tí mi ò ti ní rí ojú ìyá yín tí mo bá jí, mi ò lọ síbẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí òjò máa pa mí. Òjò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa ènìyàn."

Ó sì ti ń wúkọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ìgbà náà ni ayàwòrán sọ pé, "Bàbá, màá yà wọ́n fún yín." Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Bó o bá yà á," ó ní, "tí mo sì rí i pé òun ni, màá lọ." Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́bọ̀ rèé, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé ló ṣì ń jókòó sórí bébà.

"Ẹ tún ń fi wọ́n yà á?" Àbúrò tọ́ka sí àpótí tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì.

Àpótí igi ni, aṣọ àrán ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Pẹ́ńsù tò síbẹ̀ bí akọrin inú ṣọ́ọ̀ṣì, láti orí èyí tó le bí egungun dé orí èyí tó rọ̀ bí ìda, tó dúdú bí èédú. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, àkọ́bí, ló rà á bọ̀ láti ìrìn àjò. Ayàwòrán kò fi kan bébà rí. Ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwòrán ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ó ní ohun tó dára jù lọ ló yẹ ìyá òun. Lọ́jọ́ náà, ó nu tábìlì mọ́, ó da agolo tó ń kó àwọn kùkùté pẹ́ńsù rẹ̀ sí nù sínú ààtàn, bí ẹni ń gbálẹ̀ de àlejò pàtàkì.

Ó mú èyí tó dúdú jù, ó gbé abẹ, ó rọra ha ẹnu rẹ̀. Ó fi bébà kékeré gba èérún rẹ̀.

"Ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa jàre!" Àbúrò pariwo. "Ẹ ń ṣe bí ẹni ń gé èékánná ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ."

"Kò rọrùn láti rí irú ẹ̀ rà."

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ayàwòrán tẹ̀ ẹ́ kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́.

"Àárín! Ó ti ń parí, àbí?"

Àárín ni wọ́n ń pè é nílé. Bàbá wọn ló sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ ìnagijẹ nígbà èwe wọn: Ṣónṣó ni àkọ́bí, Àárín ló tẹ̀ lé e, Onírọ́bà sì ni àbígbẹ̀yìn.

"Kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kò gbà."

"Báwo ni ò ṣe ní gbà? Àpótí yẹn ńkọ́? Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tí kò lè yà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Onírọ́bà dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká tẹ́ bébà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ká máa lọ sílé. Tó bá yà á tán, á pè wá."

"Ta ló pe ìyẹn sí i? Onírọ́bà, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ là ń sọ̀rọ̀."

"Ọwọ́ ló ń yàwòrán, ẹ̀gbọ́n mi, pẹ́ńsù kọ́. Ẹ gbé èédú lé ẹ̀gbọ́n mi yìí lọ́wọ́, wọ́n á yà yín débi tí ẹ ó fi sá."

"Hẹn-ẹn. Bí irinṣẹ́ ò bá já mọ́ nǹkan, kí ló dé tí Bàbá ò fi jẹ́ ká fi síṣọ́ọ̀sì wọn gé bébà rí? Dá mi lóhùn."

Télọ̀ ni bàbá wọn. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá fi síṣọ́ọ̀sì aṣọ gé bébà, ìyà ọjọ́ náà kì í tán lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí fóònù dákẹ́, Onírọ́bà jáde, ó ra pẹ́ńsù àwọn ọmọ iléèwé wá láti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wọn. "Ẹ fi èyí gbìyànjú, fún tèmi."

Àárín gbà á, ó gbẹ́ ẹ, ó sì yà. Kò yàtọ̀. Pẹ́ńsù gígùn náà ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti inú àpótí, dúdú rẹ̀ kò sì ju eérú lọ. Irun ìyá wọn wá jọ ti ẹni tó ti inú ìyẹ̀fun jáde. Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Nígbà yẹn ni ẹ̀rù tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá bá a: bóyá pẹ́ńsù kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Bóyá òun ló ti gbàgbé ojú ìyá òun.

"Olúwa, ràn mí lọ́wọ́," ló sọ sínú, kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sán, ó gbé àpótí náà lọ sílé bàbá rẹ̀.

Wọ́n ti di ẹrù sí àwọn àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Máṣíìnì ìránṣọ nìkan ló ṣì wà níbi tó máa ń wà lábẹ́ fèrèsé, aṣọ funfun kan bò ó lórí. Lára ògiri, ibi tí férémù wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ, ìṣó sì dá dúró lókè rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ìṣó náà. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kò ti wọn ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n tí kò bá gbé e kọ́rùn, á ní ara òun kò pé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Àárín mi. O ti gbé ìyá ẹ dé?"

"Rárá, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ ti yà wọ́n."

"Ó dáa. Ilé rẹ̀ náà ni." Ó na ọwọ́. "Jẹ́ n rí nǹkan olówó ńlá yẹn."

Ó gba àpótí, ó mú pẹ́ńsù kan, ó gbé e sí imú. "Igi dáadáa ni. Ṣónṣó gbìyànjú. Ọmọ náà láàánú, ẹnu rẹ̀ ló mú."

Àárín tẹ́ bébà sórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń wò ó. Kò pẹ́ tó fi mi orí.

"Kí ló dé tó o mú un bí ẹni mú ejò nírù?"

"Mi ò fẹ́ kó tètè tán, Bàbá. Mi ò tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó má kán."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ikọ́. Àárín dìde láti bu omi fún un, ó juwọ́ sí i pé kó jókòó.

"Àárín, gbọ́. Aṣọ tó bá ń ba télọ̀ lẹ́rù láti gé, kò ní di ẹ̀wù láéláé. Mo ti rí i. Àwọn kan gbé aṣọ olówó iyebíye wá fún ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀rù bà á, ó ká a sínú àpótí. Kòkòrò ló wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn."

Ó fi ìka gbọ́n téèpù ọrùn rẹ̀. "Ṣé o rántí bí a ṣe ń ṣe é?"

Ó rántí. Báwo ni kò ṣe ní rántí? Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ ni, ilé-ìwé fẹ́ wọlé. Pẹ́ńsù kan ló máa ń wọ ilé, ọmọ mẹ́ta sì ni wọ́n. Bàbá á pè wọ́n sídìí tábìlì ìgéṣọ. Á tẹ́ pẹ́ńsù náà gbalaja bí aṣọ, á yọ téèpù lọ́rùn, á wọ̀n ọ́n, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, á di ojú, á gba àdúrà tó máa ń gbà kó tó gé aṣọ ẹnikẹ́ni: "Olúwa, má jẹ́ kí n gé ohun tí mi ò ní lè rán." Wọ́n á ṣe àmín. Á wá yí ọ̀bẹ ká ojú àmì, á sì ṣẹ́ ẹ, kọ́!

Apá tó ní ẹnu ṣónṣó láti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti àkọ́bí, nítorí òun ló ní ìwé kíkọ jù. Apá tó ní rọ́bà lórí jẹ́ ti àbígbẹ̀yìn, nítorí òun ló ń ṣi kọ jù. Àárín ló kù fún Àárín: kò lẹ́nu, kò ní rọ́bà. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sunkún débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá ló wá gbé e. Abẹ́ máṣíìnì ni ìyá máa ń jókòó sí láti ká etí aṣọ fún bàbá, píìnì aṣọ sì máa ń tò sáàárín ètè rẹ̀, torí náà kì í lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í lè ya ẹnu rẹ́rìn-ín. Ojú ló fi ń rẹ́rìn-ín. Orin ìyìn tó bá fẹ́ kọ, á máa kùn ún nímú. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba kùkùté pẹ́ńsù náà, ó mú abẹ tó fi ń tú òwú, ó gbẹ́ ẹ lẹ́nu, ó kì í bọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì pa ìka ọmọ náà dé lé e lórí. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bàbá sì ti òkè máṣíìnì sọ ohun tó ń sọ lójoojúmọ́ ayé: "Mú píìnì yẹn kúrò lẹ́nu, kó o tó gbé e mì."

Nítorí pé kò ní rọ́bà, Àárín kọ́ láti wo nǹkan pẹ́ kó tó fa ìlà. Nítorí pé pẹ́ńsù rẹ̀ kúrú, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń sùn lórí ìwé, bí ẹni ń fọwọ́ pa ojú tó ń yà. Títí di òní, pẹ́ńsù gígùn ló ń fi kọ lẹ́tà sára pátákó àwọn ènìyàn. Tó bá kúrú tán, tí ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́ nù, ìgbà yẹn ló ń fi í ya ojú. Kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé.

Ó wo bébà tó wà níwájú rẹ̀. Ètè obìnrin náà pa dé, ojú rẹ̀ le. Ó mọ ibi tó ti rí i: inú fọ́tò. Ayàfọ́tò ló sọ fún ìyá lọ́jọ́ náà pé kó panu dé, kó má rẹ́rìn-ín, kó má mira.

"Bàbá," ó ní, "fọ́tò ni mo ń yà láti ọjọ́ yìí. Mi ò tíì ya ìyá mi."

Ó yọ bébà náà kúrò lórí pákó, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ yá mi ní téèpù yín."

Ó mú pẹ́ńsù tó dúdú jù, ó tẹ́ ẹ lé orí máṣíìnì. Bàbá dìde, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì wọ́, ó nù ún, ó tún un fà. Ó di ojú. "Olúwa, má jẹ́ ká gé ohun tí a ò ní lè rán."

"Àmín," ni Àárín wí. Ó yí ọ̀bẹ ká a. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe gbé àpótí náà lé e lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó ṣẹ́ ẹ, kọ́! Ó tún ṣẹ́ ìkejì.

Ó fi orí àti ìdí sílẹ̀ lórí máṣíìnì, ó mú àárín. Ó gbẹ́ ẹ bí ìyá rẹ̀ ṣe gbẹ́ ẹ, kò gba èérún. Nígbà tó pa ìka dé lé e, ọwọ́ rẹ̀ sùn sórí bébà fúnra rẹ̀.

Bàbá yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ́yìn sí i. "Oníbàárà kì í wo aṣọ tí a ò tíì rán tán," ló wí. Kò pẹ́ tó fi sùn. Àárín ń yà, ó ń kùn orin nímú, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan ẹyinjú, ó tẹ pẹ́ńsù náà. Dúdú rẹ̀ jinlẹ̀, ó mọ́, ó dán bí omi kànga. Kò sí irú dúdú bẹ́ẹ̀ nínú pẹ́ńsù ìgbà èwe rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkàn, ó ní kí Ọlọ́run bùkún un fún òun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, Onírọ́bà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó dìde, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí máṣíìnì.

"Kí nìyí?" Ó mú apá pẹ́ńsù kan, ó yí i wò. "Ta ló gé e? Àárín! Ṣé o mọ ibi tí mo ti gbé nǹkan yìí wá? Ìwọ lo gbé ọ̀bẹ tì í?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ah! Èèyàn á ra nǹkan iyì, ẹ ó wá..."

"Ṣónṣó," ni bàbá pè é.

Ọkùnrin tó ti ní àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́, tó ti ní ewú lórí, dákẹ́ bí ọmọ iléèwé.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, tìrẹ ni. Ẹnu rẹ̀ ló wà níbẹ̀." Bàbá mú ìdí pẹ́ńsù, ó nà án sí àbígbẹ̀yìn. "Tìẹ rèé."

Onírọ́bà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Bàbá, wọ́n rẹ́ mi jẹ. Kò ní rọ́bà."

"O ti dàgbà. Rọ́bà àgbà ni kó tọrọ àforíjì."

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ibi tí wọ́n ti gé pẹ́ńsù náà, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ṣì wà díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa á. Lẹ́yìn náà, ó rọra kì í bọ àpò àyà rẹ̀.

Àárín gbé àwòrán jáde látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti fi férémù àtijọ́ sí i. Ó gbé e síwájú bàbá, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò lè wo ojú rẹ̀.

Bàbá wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún wò ó. Obìnrin inú àwòrán náà tẹ orí díẹ̀ bí ẹni tó gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, píìnì tò sáàárín ètè rẹ̀, ètè náà kó jọ díẹ̀ sápá òsì, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mú píìnì yẹn kúrò lẹ́nu," ni bàbá wí jẹ́jẹ́, "kó o tó gbé e mì."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé. Onírọ́bà fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

"Pẹ́ńsù mi ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?" Ẹ̀gbọ́n kò yí ojú padà láti ibi fèrèsé.

"Ó ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo dúdú ẹyinjú wọn."

"Ṣé ẹ gbọ́? Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Lẹ́yìn tí wọ́n gé e ni," ni Onírọ́bà wí láàárín omijé.

Bàbá ti ń na ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Ó wọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó gba àwòrán lọ́wọ́ Àárín, ó gbé e sábẹ́ apá bí aṣọ tí a ti rán tán. Wọ́n rò pé ẹnu ọ̀nà ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó dúró níwájú ògiri.

"Ṣónṣó, bá mi yọ ìṣó yìí. Rọra yọ ọ́ o, má jẹ́ kó tẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìyá yín, kò yẹ kí ìṣó tí kò mọ̀ ọ́n gbé e kọ́ nílé rẹ."